Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí ìwé ìwádìí lórí eegun ọmọ mi tó ń ṣọyún. Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àkàndé, Apẹ̀tẹ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 11 lóṣù tó kọjá. SS ni. Ó tó oṣù mẹ́ta sẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, lójúgun, nísàlẹ̀ orúnkún díẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná janjan. A rò pé kíráísì tó máa ń mú un tẹ́lẹ̀ náà ni. Mo fún un ní oògùn ìrora, mo ń fún un lómi mu dáadáa bí wọ́n ṣe kọ́ wa, ìyá ọkọ mi sì ń fi àdín pa á lẹ́sẹ̀ lálaalẹ́. Kíráísì rẹ̀ kì í ju ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún lọ. Èyí kò lọ. Ẹsẹ̀ wú, ó ń dán bí awọ ìlù. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ojú kan là níbẹ̀, ọyún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. A gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun. Bàbá náà fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní eegun yìí kò kán, ohun tó ń ṣe é wà nínú, kí n gbé e lọ sí ọ́sípítù lọ́jọ́ náà gan-an. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run á bá mi san án fún un.

Ní ọ́sípítù, wọ́n ya ẹ́sírè. Dókítà àgbà gbé e síwájú iná, ó fi bírò tọ́ ọ fún mi: ohun kan wà láàárín eegun tó funfun ju eegun tó yí i ká lọ, ó dá dúró, bí igi gbígbẹ tí wọ́n tì bọ inú igi tútù. Ó ní eegun tó ti kú nìyẹn, pé bí wọn ò bá ṣe iṣẹ́ abẹ yọ ọ́ kúrò, ọyún ò ní dá.

Ìyẹn nìkan kọ́ ló gbé mi wá síbí o. Lánàá, dókítà kékeré kan wá bá mi ní wọ́ọ̀dù pẹ̀lú ìwé ojú-ewé mẹ́rin, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Ó ní àwọn ń ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọdé tí eegun wọn ń ṣọyún. Wọ́n fẹ́ mú díẹ̀ nínú ọyún àti eegun tí wọ́n bá yọ, wọ́n fẹ́ lo ohun tó wà nínú fáìlì rẹ̀, wọ́n á sì máa tẹ̀ lé e fún ọdún kan. Ó bá mi sọ̀rọ̀ tìtẹríba-tìtẹríba, ó ní kí n lọ rò ó, òun á padà wá lọ́jọ́bọ̀.

Ìyá ọkọ mi ti fárígá. Wọ́n ní, "Wọn ò ní fi ọmọ mi dánra wò." Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ṣàgámù, ó ní ohun tí mo bá ti ṣe ni ṣíṣe. Àtàná ni mi ò ti fojú kan oorun. Bí mo bá ní rárá, ṣé wọn ò ní pa ọmọ mi tì? Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ni mo ń fọwọ́ sí gan-an?

Nọ́ọ̀sì Yemẹ́tù

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Àkàndé. Ọlọ́run á fún ọmọ wa ní àlàáfíà. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo lò ní wọ́ọ̀dù àwọn tí eegun ń yọ lẹ́nu, ohun tí mo fojú mi rí ni màá sọ.

Ẹ kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ lọ́kàn yín: ìtọ́jú yàtọ̀, ìwádìí yàtọ̀. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe, ìtọ́jú ni. Abẹ́rẹ́ àti oògùn tó máa tẹ̀ lé e, ìtọ́jú ni. Ẹ fọwọ́ síwèé o, ẹ kò fọwọ́ sí i o, ẹ̀tọ́ ọmọ yín ni. Ìwádìí ni pé kí wọ́n kó ohun tí wọ́n rí lára ọmọ yín pọ̀ mọ́ tàwọn ọmọ mìíràn, kí wọ́n lè mọ kòkòrò tó ń ṣe é, oògùn tó ń ràn án, àti àwọn tó máa ń padà wá. Torí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi dókítà yẹn ni: "Kí ni ẹ máa ṣe fún ọmọ mi nítorí ìwé yìí, tí ẹ ò ní ṣe ká ní mi ò fọwọ́ sí i?" Bó bá dáhùn ìyẹn tààrà, ẹ ti mọ ìdajì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí wọ́n fi ń wá ọyún àti eegun yẹn, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń ba àwọn ìyá jù. Ọyún tó ń jáde lójú egbò, bí a bá fi òwú nù ún lókè, a lè rí kòkòrò tó ń gbé lórí awọ ara lásán, kí ẹni tó ń jẹ eegun gan-an sì wà nísàlẹ̀ tí a ò rí i. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n ń fún ní oògùn fún oṣù méjì nítorí òwú orí awọ, oògùn náà kò kan kòkòrò tó wà nínú rárá. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń gé díẹ̀ láti inú eegun fúnra rẹ̀ ní tíátà, láti ojú méjì mẹ́ta, tí wọ́n á pín in sí ìgò kéékèèké lọ sí láàbù. Dókítà tó mọṣẹ́ á ṣe èyí fún ìtọ́jú, ìwádìí ì báà wà tàbí kó má wà.

Fún ọmọ SS, ọ̀rọ̀ yìí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dí ojú iṣan máa ń pa ibì kan nínú eegun, kòkòrò tó bá ń rìn kọjá nínú ẹ̀jẹ̀ á sì rí ibẹ̀ fi ṣelé. Lára àwọn tí kì í ṣe SS, Staphylococcus ló sábà máa ń jẹ́. Lára SS, Salmonella wọ́pọ̀ gan-an, ìyẹn ìbátan kòkòrò tó ń fa táífọ́ọ̀dù. Oògùn tó ń pa ọ̀kan lè má pa èkejì. Kíráísì àti eegun tó ń ṣọyún sì jọra bí ìbejì lọ́jọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́: ibà, ìrora, wíwú. Ẹ má ṣe dá ara yín lẹ́bi pé ẹ ò tètè mọ̀. Dókítà gan-an máa ń ṣì í.

Ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ: gbogbo antibáyótíìkì tí ọmọ ti lò láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, títí kan àwọn tí ẹ rà ní kẹ́mísì àdúgbò. Ẹ gbé páálí rẹ̀ lọ bó bá ṣì wà nílé. Bí oògùn bá wà lára ọmọ nígbà tí wọ́n mú eegun, láàbù lè wá kòkòrò títí kó má rí i.

Ìyá Àkàndé, Apẹ̀tẹ̀

Ẹ ṣé, mà. Mo ra Ampiclox fún un lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì sọ fún wọn. Àyà mi já. Màá gbé páálí rẹ̀ dání lọ́la.

Ọmọ Ìdíkàn

Ẹ kú ìnira, mà. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa eegun, àmọ́ mo mọ̀ nípa àwọn oníwadìí.

Ní 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn (UI) àti ọ́sípítù rẹ̀, UCH, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ àwọn àgbà àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn tó ti pé ọdún 65 sókè. Àrùn ìgbàgbé àwọn àgbà ni wọ́n ń wádìí. Ìyá bàbá mi wà níbẹ̀. Ọmọ kékeré ni mí nígbà náà, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí ẹní. Ọmọbìnrin tó wá bi wọ́n ní ìbéèrè ní kí wọ́n dárúkọ gbogbo ẹranko tí wọ́n bá mọ̀. Màmá gbéra sọ: ẹtu, ìgalà, òkété, ọ̀yà, wọn ò mí. Ọmọbìnrin yẹn ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò lè bá wọn sáré. Wọ́n tún ń padà wá lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n tún bi wọ́n. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, iye àwọn àgbà ìlú wa tí àrùn náà ń mú lọ́dún kò tó ìdajì ti àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ní Indianapolis. Káàkiri ayé ni wọ́n ti ń ka iṣẹ́ yẹn títí dòní, láti ojúlé wa ló sì ti jáde.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè bá màmá yín nílé sọ̀rọ̀. Nílùú yìí, kì í ṣe ohun tuntun pé kí wọ́n wá wádìí nǹkan lára ènìyàn. Ẹni tó bá wá tó sì ń padà wá, tó mọ orúkọ yín, ẹni yẹn ni kí ẹ wò.

Àlàájì Ọjà'ba

Àsàláámù àlékùm. Mi ò fẹ́ dẹ́rù ba Ìyá Àkàndé, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ wọn kò ṣìwà hù. Ní Kano lọ́dún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọ, ilé-iṣẹ́ oògùn kan láti Amẹ́ríkà fi oògùn tuntun tí wọ́n ń pè ní Trovan tọ́jú ọgọ́rùn-ún ọmọ, wọ́n fi oògùn mìíràn tọ́jú ọgọ́rùn-ún. Mọ́kànlá kú, márùn-ún lápá kan, mẹ́fà lápá kejì. Àwọn òbí ní àwọn ò mọ̀ pé ìwádìí ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn ò jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, ọdún mẹ́tàlá kọjá kí wọ́n tó parí rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba Kano ní 2009. Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn àwọn àgbà wa, ó ní ibi tó ti wá.

Ṣùgbọ́n nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ náà ni òfin ṣe wà nísinsìnyí. Ọdún 2007 ni orílẹ̀-èdè wa gbé ìwé ìlànà ìwádìí ìlera jáde. Òfin Ìlera ti 2014 sì sọ ọ́ ní gbangba: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí lára ènìyàn láìjẹ́ pé wọ́n ti ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un, ire àti ibi, kó sì fọwọ́ síwèé. Bó bá jẹ́ oògùn tuntun ni wọ́n fẹ́ dán wò, NAFDAC náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Torí náà, ẹ wá nọ́ńbà ìfọwọ́sí lórí ìwé yẹn. Bí ìwádìí bá jẹ́ ti UCH tàbí UI, ìgbìmọ̀ UI/UCH ló máa fún wọn, ọ́fíìsì wọn wà ní ilé ìwádìí ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní IAMRAT nínú ọgbà UCH. Bó bá jẹ́ ọ́sípítù ìjọba ìpínlẹ̀, ìgbìmọ̀ ti Ilé-iṣẹ́ Ìlera ní Sẹkitéríàtì, Àgodi. Ẹ lè lọ síbẹ̀ fúnra yín kí ẹ béèrè bóyá wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀. Wọn ò ní lé yín. Iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Aláṣọ Ọ̀jẹ́

Òótọ́ ni Àlàájì sọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà.

Orúnkún ló ń yọ mí lẹ́nu, làkúrègbé tó ti jẹ eegun. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, níbì kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní fún ìwádìí ni, wọ́n fún mi ní bírò, mo buwọ́ lù ú níbi tí wọ́n tọ́ka sí. Títí dòní, kò sẹ́ni tó padà wá bá mi. Mi ò mọ ohun tí wọ́n rí, mi ò mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ mi wọlẹ̀ sí. Ó dùn mí ju orúnkún lọ, ẹ gbà mí gbọ́. Kì í ṣe pé wọ́n pa mí lára. Wọ́n ṣe mí bí ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni.

Nígbà tí àwọn mìíràn tún wá lẹ́yìn ọdún méjì, mo ti gbọ́n. Mo ní kí wọ́n ka ìwé náà fún mi ní Yorùbá látòkè délẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹ̀dà kan gbé lọ sílé. Mo béèrè ẹni tí màá pè lóru bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, mo sì pe nọ́ńbà yẹn níwájú wọn, mo rí i pé fóònù dún lápò dókítà. Mo béèrè bí wọ́n ṣe máa sọ èsì fún mi. Mo béèrè owó mọ́tò, torí láti Ọ̀jẹ́ dé ibẹ̀ kọ́rópe méjì ni lálọ, méjì lábọ̀. Wọ́n ń san án. Inú wọn ò bàjẹ́ sí mi. Kàkà bẹ́ẹ̀, ọ̀gá wọn ní ká ní gbogbo èèyàn máa ń béèrè báyìí, iṣẹ́ àwọn ì bá rọrùn.

Ìyá Àkàndé, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ lanu béèrè.

Apòògùn Mọ́kọ́lá

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Ìbéèrè kan ṣì wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn: kí ni irú ìwádìí báyìí ti ṣe fún ẹnikẹ́ni? Mo fẹ́ kí Ìyá Àkàndé mọ̀ ọ́n, torí ó kan oògùn tí ọmọ máa lò lóṣù tó ń bọ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí eegun rẹ̀ bá ń ṣọyún, abẹ́rẹ́ inú iṣan ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ohun tí gbogbo dókítà gbà gbọ́. Kò sẹ́ni tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ dáadáa, bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn. Àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ní kí àwọn wò ó. Ọ́sípítù 26 kó àgbàlagbà 1,054 jọ, wọ́n pe ìwádìí náà ní OVIVA. Wọ́n ṣẹ́ gègé fún wọn: ìlàjì gba abẹ́rẹ́ inú iṣan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ìlàjì gba oògùn oníhóró. Dókítà kọ́ ló yan ẹni tó máa gba èwo, aláìsàn kọ́ ló yàn án. Bó bá jẹ́ pé àwọn tí ara wọn le ni wọ́n fún ní oníhóró ni, ara wọn ló máa wo ara wọn sàn, a ó máa yin oògùn. Gègé ni kì í jẹ́ kí ìyẹn ṣẹlẹ̀. Wọ́n tẹ̀ lé wọn fún ọdún kan. Èsì jáde ní 2019: nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́, ìdá 14.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìtọ́jú kò ṣiṣẹ́ fún. Nínú àwọn oníhóró, 13.2. Oníhóró kò gbẹ̀yìn rárá. Ẹ rò ó wò bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí bẹ́ẹ̀dì ṣe rí fún òbí tó ń san owó ní Ìbàdàn, kí ẹ wá rí ohun tí ìwádìí kan ṣoṣo yẹn gbé kúrò lọ́rùn èèyàn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀nà àbùjá ló ń já sí ire. Ní Faransé, wọ́n wádìí àwọn tí oríkèé àtọwọ́dá wọn ń ṣọyún, 410 èèyàn, èsì jáde ní 2021. Wọ́n ṣẹ́ gègé: oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí méjìlá. Àwọn ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà, àrùn kò lọ lára ìdá 18.1 nínú ọgọ́rùn-ún; àwọn ọlọ́sẹ̀ méjìlá, 9.4. Bẹ́ẹ̀, àwọn ará Faransé kan náà ti wádìí eegun ẹ̀yìn tó ń ṣọyún ṣáájú, èsì rẹ̀ jáde ní 2015, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti méjìlá sì bára wọn dọ́gba délẹ̀délẹ̀, 90.9 ló sàn nínú ọgọ́rùn-ún lápá méjèèjì. Eegun ẹ̀yìn yàtọ̀ sí oríkèé tí wọ́n fi irin ṣe. Èrò ọkàn lásán kò lè sọ irú èyí fún wa.

Ti àwọn ọmọdé náà wà. Ní Finland, wọ́n wádìí ọmọ 131 tí eegun wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣọyún, ogúnjọ́ oògùn tó wọn bí ọgbọ̀njọ́ ṣe tó wọn, abẹ́rẹ́ ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan, ìyókù oníhóró. Ìyá Àkàndé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìyẹn lé ọmọ yín lórí o. Àwọn ọmọ yẹn tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà, kò sí eegun tó kú nínú ẹsẹ̀ wọn bí ti ọmọ tiwa. Ti ọmọ yín gba iṣẹ́ abẹ, ó lè gba oògùn tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn gan-an tí ó fi yẹ kí wọ́n wádìí àwọn ọmọ tiwa, àwọn SS, àwọn tí a gbé dé pẹ̀lú ọyún lójúgun. Ẹsẹ̀ ọmọ Finland kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn.

Ẹ bi dókítà náà bóyá ìwádìí tirẹ̀ ní gègé nínú. Látinú ohun tí ẹ kọ, ó jọ pé kò ní in, ó jọ pé wọ́n kàn fẹ́ máa wò ni. Bó bá ní gègé nínú, ẹ béèrè oògùn méjèèjì tí wọ́n fẹ́ fi wéra, àti ohun tí wọ́n máa ṣe bí èyí tó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ yín kò bá ṣiṣẹ́.

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Òkè-Àdó

Kúkúrú ni tèmi. Ikọ́ ife mú àbúrò bàbá mi ní eegun ẹ̀yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń fi wọ́n sí, wọ́n á fi píọ́pù de àyà wọn mọ́lẹ̀ fún oṣù gbọọrọ. Tirẹ̀, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n ní kó máa rìn lọ máa bọ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ dókítà nígbà náà ìdí tí wọn ò fi dè é. Ó ní wọ́n ti wádìí rẹ̀ láti bí 1960 sókè ní Kòríà, ní Hong Kong, ní Bulawayo àti ní Madras. Ní Kòríà, àwọn tí wọ́n fi sórí bẹ́ẹ̀dì àti àwọn tí wọ́n dè ní píọ́pù kò sàn ju àwọn tó ń rìn tí wọ́n ń lo oògùn wọn pé. Àbúrò bàbá mi padà sóko rẹ̀ ní Mọ́níyà lóṣù kejì. Mo máa ń rò nípa àwọn ará Kòríà tí mi ò mọ̀ rí, tí wọ́n gbà kí wọ́n ṣẹ́ gègé lórí ẹ̀yìn wọn.

Ìyá Àkàndé, Apẹ̀tẹ̀

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá ọkọ mi lálẹ́ àná, mo ń túmọ̀ èyí tí kò yé wọn. Ìtàn ìyá Ìdíkàn pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ti Kano mú wọn dákẹ́. Wọ́n ní àwọn á bá mi lọ lọ́jọ́bọ̀.

Ìbéèrè kan kù: ọmọ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ, ó kàn ń ṣe bí ẹni tó sùn ni.

Nọ́ọ̀sì Yemẹ́tù

Ẹ sọ ọ́ fún un. Ọmọ ọdún 11 lè lóye, ìlànà ìwádìí sì ní kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó bá ti lè lóye, kì í ṣe òbí nìkan. Bó bá ní òun ò fẹ́, kí wọ́n gbọ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bi dókítà ní ìbéèrè tirẹ̀.

Ẹ tún rántí: kódà bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ẹ lè ní ẹ ò ṣe mọ́ nígbàkígbà, láìsọ ìdí, ìtọ́jú ọmọ á sì máa lọ bó ṣe ń lọ. Ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé yẹn kedere. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ má fọwọ́ sí i.

Ní ti ọdún kan tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé e, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bà yín lẹ́rù. Àrùn yìí máa ń sùn. Egbò á jinná, ọmọ á máa gbá bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ ojú kan náà á tún là. Kí ẹnì kan máa pè yín pé "Báwo ni ẹsẹ̀?" fún ọdún kan, mo mọ àwọn ìyá tí wọ́n ì bá fi ohunkóhun gba irú rẹ̀.

Àlàájì Ọjà'ba

Ẹ sọ fún wa bó bá ṣe lọ, mà. A ó máa fi àdúrà tì í.

Ìyá Àkàndé, Apẹ̀tẹ̀

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó padà.

Dókítà náà wá lọ́jọ́bọ̀ bó ṣe wí. Ìyá ọkọ mi jókòó sórí àga, èmi dúró, ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kó kà á fún wa ní Yorùbá. Ó kà á, ojú-ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bó bá dé ibi tó le á dúró wá ọ̀rọ̀, màmá á bá a wá a. Nọ́ńbà ìfọwọ́sí wà lójú-ewé àkọ́kọ́, mo dà á kọ. Mo bi í ní ìbéèrè Nọ́ọ̀sì. Ó ní bí mi ò bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ abẹ kan náà ni, láàbù kan náà ni, oògùn tí láàbù bá dárúkọ ni ọmọ máa lò. Ohun tí ìwé yẹn fi kún un ni pé wọ́n á máa pè mí lóṣooṣù, a ó máa wá ya ẹ́sírè lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún náà láìsan owó, wọ́n á sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀ láìkọ orúkọ rẹ̀. Kò sí gègé. Mo bi í nípa owó mọ́tò. Ó ní òun á béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá òun, ó padà wá lọ́sàn-án sọ pé wọ́n á san án.

Àpótí kékeré kan wà lójú-ewé kẹrin, lọ́tọ̀, pé ṣé mo gbà kí wọ́n fi eegun tó bá ṣẹ́kù pa mọ́ fún ìwádìí mìíràn lọ́jọ́ iwájú. Ibẹ̀ ni màmá ti lanu. Wọ́n ní, "Ìwádìí wo? Ta ló máa ṣe é? Níbo?" Dókítà ní òun ò lè sọ, torí kò tíì sí. Màmá ní ohun tí kò tíì sí, àwọn ò fọwọ́ sí i. Mo fa ìlà sí "rárá" níbẹ̀. Dókítà ní kò burú, ìyókù ṣì lè máa lọ.

Ọmọ wá gbé orí sókè, ó ní, "Ẹ̀yin dókítà, eegun tí ẹ bá yọ, ṣé òmíràn máa hù síbẹ̀?" Dókítà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó mú ẹ́sírè, ó fi hàn án bí eegun tuntun ṣe ti ń hù yí èyí tó kú ká bí èpo, pé òun ló máa gbé e dúró, pé bí wọ́n bá ti yọ òkú ti àárín kúrò, aláàyè á máa nípọn sí i, ṣùgbọ́n kò ní gbọdọ̀ sáré fún ìgbà díẹ̀, ọ̀pá ni yóò máa fi rìn. Ọmọ ronú díẹ̀, ó ní òun gbà. Lẹ́yìn náà ni mo fọwọ́ sí i, mo sì gba ẹ̀dà tèmi.

Lánàá ni wọ́n mú un wọ tíátà. Wákàtí méjì àti díẹ̀. Mo fi páálí Ampiclox méjèèjì hàn wọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, dókítà àgbà kọ ọ́ sínú fáìlì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n fi eegun náà hàn mí nínú ìgò: ó gùn tó ìka ọwọ́ mi tó kéré jù, ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, ó ní ihò wẹ́wẹ́ bí àgbàdo tí kòkòrò ti jẹ. Ọmọ jí lálẹ́, ó béèrè ẹ̀bà.

Láàbù ní èsì á jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo máa padà wá sọ orúkọ kòkòrò náà fún yín, kí Apòògùn Mọ́kọ́lá lè bá mi wo oògùn tí wọ́n bá kọ.